Kúlíkúlí Ojú Ọ̀run

Ó tún ti ń lọ. Mo ní kó dúró… ta ni mò ń bá wí gan-an? Zuhal, ìràwọ̀ olórùka tí òyìnbó ń pè ní Saturn, ò gbọ́ Yorùbá. Ó ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú fóònù, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá fọ abọ́. Yí nọ́ọ̀bù. Díẹ̀. Díẹ̀ mà ni mo ní… ó ti pọ̀ jù. Ó fò kọjá, gbogbo ẹ̀ ń gbọ̀n. Dá èémí dúró. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó rọlẹ̀.

Kì í ṣe òun ló ń sá. Ayé ló ń yí lábẹ́ mi, èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ yí tẹlisíkóòpù tẹ̀lé e. Irú èyí tó ń tẹ̀lé e fúnra ẹ̀ wà lóde. Tèmi, páìpù omi ni, dígí méjì, fóònù tí mo so mọ́ ẹnu ẹ̀, àti nọ́ọ̀bù tí mo tú lára ẹ̀rọ kan tó ti kú ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ọwọ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Wọ́n ti kí Mọ̀gàríbì tán. Kí wọ́n tó pe Ìṣáì, á ti wọ ẹ̀yìn ilé alájà tó wà lọ́wọ́ òsì yẹn. Ọ̀la ńkọ́? Ọ̀la, á tún sún mọ́lẹ̀ sí i. Eruku ọyẹ́ náà ò tíì lọ. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kí Hamzah, ọ̀rẹ́ mi, fi ìbínú mi sínú gba ààwẹ̀. Fọ́tò kan péré. Fọ́tò tòótọ́ kan, kí n gbé e lọ bá a ní Pàkátà, kí n ní, “Wò ó, òun nìyí, mo ti yà á…”

Ó tún ti ń lọ. Yí i.

Ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti Hamzah ti jọ ń bọ̀, láti pólì. Òun ló mọ gbogbo ìwà mi. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí gbogbo ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbí wá fọwọ́ sí i, tí ìlà gùn dé ìdí igi máńgòrò. Òun gan-an tò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Wàyí o, ó di alfa, ó ní ilé-kéwú tiẹ̀. Ó ní òun fẹ́ káwọn ọmọ rí ohun tí Ọlọ́run dá sójú ọ̀run, kí n bá òun ya Zuhal. Ó gbé àwòrán mi… àwòrán wo? Kí n pè é bó ṣe jẹ́. Ìṣù fúrá kan, kúlíkúlí olórùka tó yí i ká, aṣọ dúdú tí ìyàwó mi fi ń lọ ìsìn òkú lábẹ́ ẹ̀, àti fásílíìnì díẹ̀ lójú kámẹ́rà kó lè rí bàìbàì. Hamzah ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Ó fi gíláàsì bò ó. Ó gbé e kọ́ sára ògiri, lókè pátákó.

Ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ náà. Gbogbo òbí jókòó. Ni Ummu-Kulthum, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá dìde níwájú àwòrán.

“Alfa, kúlíkúlí ìyá mi nìyẹn! Ẹ wo ibi tí wọ́n ti fún un pọ̀. Ìyá mi nìkan ló ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyẹn.”

Wọ́n ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Hamzah ò rẹ́rìn-ín. Ó búra. “Wàláì, ọ̀rẹ́ mi ló yà á, lórí dẹ́kì ilé ẹ̀ ní Basin.” Ó pè mí lójú gbogbo wọn, ó ṣí ohùn fóònù síta. “Fọlọ́, jọ̀ọ́, bá mi sọ fáwọn èèyàn yìí. Ṣé Zuhal nìyẹn àbí òun kọ́?”

Kí ni mo sọ?

“Òun ni. Ó kàn jẹ́ pé epo ẹ̀pà ò tíì gbẹ lára ẹ̀.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. Inú mi dùn… mi ò ní purọ́, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo ní, “Ẹ̀fẹ̀ ni o, Alfa! Ẹ̀fẹ̀ ni!” Mi ò mọ̀ pé ó ti búra. Ta ló sọ fún mi pé ó ti búra?

Ó ń gbọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni, àbí ọwọ́ mi? Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́…

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbé fóònù mi. Mo lọ síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín ẹnu lásán. “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́. Ṣé dáadáa lẹ jí?” Ẹ. Èmi! Ẹni tí a jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Ì bá bú mi. Ká ní ó bú mi, ǹ bá ti lọ sùn.

“Bàbá Túnmiṣe, ẹ wá àgbà méjì, kí wọ́n bá yín bẹ̀ ẹ́,” ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ rán níṣẹ́ dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ó ti wà lójú ọ̀run kí wọ́n tó tẹ Ìlọrin dó. “Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀,” ó wọlé lọ.

Àmọ́ kò dúró fún iṣẹ́, àgbà tí mo fẹ́ rán. Yí i. Díẹ̀. Ó dúró. Ó dúró! Fídíò ń lọ, inú ẹ̀ ni màá ti yọ fọ́tò. Má mí. Ogún… ọgbọ̀n… yí i, jẹ́jẹ́… kò gbọ̀n. Ọlọ́run mi, kò gbọ̀n. Ìṣẹ́jú kan. Ó tó. Mo ti mú un.

Jẹ́ kí n wò ó.

Háà.

Ṣé òun nìyí? Ẹ̀wà kan báyìí, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ẹ̀gbẹ́ ni òrùka ẹ̀ kọ sí wa lásìkò yìí, ó tín-ín-rín bí ìlà ìwé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé òun ni. Hamzah ńkọ́? Àwọn òbí yẹn ńkọ́? Kúlíkúlí mi jọ Zuhal ju Zuhal lọ. Wọ́n á ní, èyí tún ńkọ́, Alfa, ṣé ẹ̀wà ló kàn?

Kí ló dé tí mo fi ṣe é nígbà yẹn ná?

Ẹ̀fẹ̀ ni.

Ẹ̀fẹ̀ kẹ̀? Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí mo ti ṣe láyé mi, mo kọ́kọ́ ń dá rẹ́rìn-ín ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Lọ́jọ́ kúlíkúlí… Mo gbìyànjú fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kò sí èyí tó hàn. Hamzah ń pè mí lójoojúmọ́: “Fọlọ́, àwọn ọmọ ń bèèrè o. Mo ti sọ fún wọn pé o mọ̀ ọ́n ṣe.” Mò ń dá a lóhùn pé ó kù díẹ̀. Mo to fúrá yẹn sórí aṣọ dúdú ìyàwó mi, mo yà á, mo nu ọwọ́ mi, mo fi ránṣẹ́. Mo wẹ̀yìn, bóyá ìyàwó mi ń bọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí àṣírí tú ni mo sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Lórí fóònù yẹn, létí gbogbo wọn.

Ó ti ń lọ. Ọwọ́ mi wà lórí nọ́ọ̀bù. Mi ò yí i. Ó dé etí… ó wọlẹ̀. Ojú fóònù dúdú.

Hamzah, mi ò lè yà á. Mo gbìyànjú, mi ò lè yà á, ojú sì tì mí láti sọ fún ẹ, mo wá purọ́.

Mo sọ ọ́ síta, jẹ́jẹ́, kí n gbọ́ bó ṣe rí. Kò tilẹ̀ gùn. Mo tún un sọ. Mò ń wá ibi tí èèyàn ti lè rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀.

Mi ò rí i.