Abọ́ Ọbẹ̀ Kan Nínú Fírísà

"Màmá, ẹ tún ti ṣí i! Mo gbọ́ bí ìdérí yẹn ṣe han."

Ìsíátù yára pa fírísà dé, ó sì fa búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn bò ó padà. "Mo kàn ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Yíyẹ̀ tí ẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó yára yọ́," Ìdrís ọmọ rẹ̀ sọ lórí fóònù. Olùkọ́ físíìsì ni, ní Ìlọrin.

Tíráńsífọ́mà àdúgbò wọn ní Jakande Estate ló bẹ́, kò sí iná. Ìsíátù ti pín gbogbo ẹja àti ẹran inú fírísà fáwọn aládùúgbò. Ó ku abọ́ kan: ọbẹ̀ ẹja tí Rùfáì ọkọ rẹ̀ sè ní Sọ́ńdè tó ṣáájú ikú rẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá, ọbẹ̀ náà dì gbagidi níbẹ̀, bí ìgbà tí Rùfáì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ síbí kalẹ̀.

Kúnbi, aládùúgbò tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà, kan ilẹ̀kùn. "Màmá Ìdrís, a ti tan jẹnẹrétọ̀ o. Ẹ gbé èyí tó bá kù wá sí tiwa."

"Kò ku nǹkan kan, ọmọ mi."

Kúnbi wo búláńkẹ́ẹ̀tì. "Ṣé òtútù ló ń mú fírísà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Màmá," Ìdrís sọ, "nínú ọ̀pọ̀ òfin físíìsì, iwájú àti ẹ̀yìn ìgbà ò yàtọ̀..."

"Sọ ọ́ kó yé mi."

"Bí bọ́ọ̀lù méjì bá gbá ara wọn, tí mo yí fídíò rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá yí ti yìnyín tó ń yọ́ sẹ́yìn, ẹ máa mọ̀. Ooru kì í dédé kúrò lára ohun tútù lọ sára ohun gbígbóná."

"Fírísà ńkọ́? Ṣebí ó ń lé ooru jáde?"

"Iná ló ń bá a lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń tú u sí. Fírísà ò dá ìgbà dúró, Màmá. Ó kàn ń mú kó falẹ̀ díẹ̀ ni."

Ìsíátù mọ ẹ̀yìn fírísà yẹn. Láti ìgbà tí Rùfáì ti kú, ibẹ̀ ló máa ń fẹ̀yìn tì tí ilé bá pa rọ́rọ́, nítorí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ti tutù.

"Òfin yín yẹn, ṣé ó mọ bàbá rẹ?"

Ìdrís dáhùn. "Kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Ìsíátù ká búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, ó ṣí fírísà, ó sì gbé abọ́ náà jáde. Etí ọbẹ̀ ti yọ́, ìrù ẹja sì ti yọjú. Ó tan gáàsì.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń gbé e kaná."

Òórùn ata gba gbogbo ilé. Ìsíátù bù ú sí àwo, ó jókòó, ó sì tọ́ ọ wò.

"Ṣé ó ṣì ta?" Ìdrís béèrè.

"Ó ta. Iyọ̀ rẹ̀ ni ò tó, bí bàbá rẹ ṣe máa ń sè é."

Ó nawọ́ sí agolo iyọ̀, ó tún fà á padà. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.