Òórùn Ẹnu Bàbá Ọkọ Mirta

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tero, ajá ilé wọn, wú títí dé abẹ́ ojú, Mirta rò pé agbọ́n ló ta á. Ó gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó wà nítòsí odò ní ìlú Paysandú. Obìnrin kan tó gbé ológbò sórí itan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá, kí lẹ fún ajá yìí jẹ, òkú ẹja?"

"Ẹ gbájú mọ́ ológbò yín."

Dókítà Yanina kò pẹ́ lórí ibi tó wú. Ètè ajá ló ká sókè.

"Eyín ńlá òkè yìí ló ti jẹrà. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn dé abẹ́ ojú, ibẹ̀ ni ọyún sá pamọ́ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, Ìyá, ẹ wò ó."

Mirta bẹ̀rẹ̀. Òórùn náà gbá a lójú. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí Don Evaristo, bàbá ọkọ rẹ̀, ti kó wá sílé wọn lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ọjọ́ tí bàbá dé ni Tero ti sọ abẹ́ àga rẹ̀ di ibùsùn. Ibi tí bàbá bá jókòó sí, òórùn a wà níbẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ gan-an. Ajá kì í sunkún eyín. Ṣé ẹ kì í wo ẹnu rẹ̀ ni?"

Ẹnu bàbá ni Mirta ń wò. Òun ló sọ fún un lójú gbogbo ẹbí pé ẹnu rẹ̀ ń rùn. Òun ló mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Oníṣègùn ní eyín mẹ́fà tó kù kò ní àrùn kankan, ṣùgbọ́n bàbá ní kó yọ gbogbo rẹ̀, kí ara lè tu àwọn ọmọ òun. Nígbà tí òórùn kò lọ, Mirta ra igbá mìíràn fún un tí yóò máa fi mu máté, tíì ewé gbígbóná tí wọ́n ń mu. Tẹ́lẹ̀, igbá kan, ọ̀pá ìfàmu kan, ni gbogbo ilé ń gbà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá nìkan ló wá ń mu tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n kun ajá lóorun, wọ́n yọ eyín méjì, wọ́n sì ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò lára ìyókù. Bí Mirta ṣe ń gbé e lọ sílé, ó ti wá irọ́ tí yóò pa. Ta ni yóò mọ̀?

"Kí ló ṣe é, ìyàwó?" Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe ń béèrè. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn báyìí.

"Ojú ni, Bàbá." Mirta wo ọwọ́ náà. "Irọ́ ni mo pa. Eyín ni. Òun ló ń rùn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá fi ọwọ́ pa ajá lórí.

"Mélòó ni wọ́n yọ?"

"Méjì."

"Wọ́n ṣàánú rẹ̀."

Mirta bú sẹ́kún.

"Má sunkún sí mi lára," bàbá ní. "Ojú gbogbo ayé lo ti bú mi. Kọ̀rọ̀ lo wá ń bẹ̀ mí sí?"

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn pé sídìí ẹran sísun. Bàbá ń fi ṣíbí jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n tẹ̀ fún un. Mirta dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ eyín ajá fún wọn látòkèdélẹ̀, kò gbé ẹ̀bi sórí ẹlòmíràn.

Zulma, àbúrò ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ajá! Ajá la ń tìtorí ẹ̀ sá fún Bàbá!"

Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Ta ló mú Bàbá lọ yọ eyín?"

Rubén, ọkọ Mirta, tẹjú mọ́ àwo rẹ̀.

"Èmi ni," Mirta ní.