Iná Tí Burnell Dá Sábẹ́ Òdòdó

Ozella Radford kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn tí imú rẹ̀ ti sọ fún un pé nǹkan ti ṣe. Èéfín igi híkórì ni. Èéfín ń yọ ní gbogbo ihò abà, ó ń gba abẹ́ páànù òrùlé jáde, ó sì ń rọra wọ́ lọ sójú títì. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Kentucky yìí, kò sí ẹni tó máa tìtorí ìyẹn pe panápaná. Abà tó bá ń rú èéfín nígbà ìkórè, gbogbo ayé mọ̀ pé tábà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń fi èéfín sè é ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, kì í ṣe tábà ni wọ́n kọ́ sínú abà àwọn Radford. Òdòdó hẹ́ńpù ni, igba igi, tí Ozella fi orúkọ ara rẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lé lórí.

"Burnell!" Ó ti ń pariwo kó tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ìwọ Burnell! Ta ló ní kó o dáná sábẹ́ òdòdó mi?"

Àbúrò rẹ̀ jáde láti inú abà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, pẹ̀lú ṣọ́bìrì léjìká. Ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún eérú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tún wá bí Ozella nínú jù. Ó hàn gbangba pé ìyìn ni ọkùnrin náà ń retí.

"Sista, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wò ó. Kò sí ẹyọ kan tó bu nínú ẹ̀ mọ́."

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè!"

"Òjò ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ọjọ́ kẹta, mo fọwọ́ kàn án, ó tutù rinrin. Ọjọ́ kẹrin, mo rí funfun lára méjì. Kí ni kí n ṣe? Kí n káwọ́ lẹ́rán kó jẹrà?"

"Fáànù mẹ́rin ni mo rà sínú abà yẹn!"

"Iná ti lọ látọjọ́ kejì, Sista. Òjò wó òpó lulẹ̀."

"Ò bá pè mí!"

"Wọ́n ń gún yín lábẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣé irú ìyẹn lèèyàn máa gbé ọ̀rọ̀ abà lọ bá?"

"Ló bá ṣe é bí ẹni ń ṣe tábà. Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́, Burnell. Ọ̀dẹ̀ pátápátá."

"Bí Dádì ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é," Burnell dáhùn, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ozella ń tiro lọ sílé, nítorí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni jẹjẹrẹ mú un lọ́mú. Oògùn lé àrùn náà lọ, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀hún ba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́, débi pé bí ó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ gbígbóná ló tò sílẹ̀. Dókítà fún un ní hóró oògùn. Hóró yẹn sọ ọ́ di ẹni tó ń gbàgbé ìkòkò lórí iná. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó dìde láti dá orin tó ti ń dá ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọgbọ̀n ọdún, kò rántí ìlà kejì. Ó da hóró yòókù sínú ṣáláńgá. Òdòdó hẹ́ńpù nìkan ló jẹ́ kó lè tún rìn dé ẹnu ọ̀nà láìsunkún. Èyí tó ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ń mú un wúkọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n fọ́n sí i. Nítorí náà ló ṣe gbìn ín fúnra rẹ̀, tí ó ṣe é lọ́dún tó kọjá, tó sì yọrí. Ìgò kan ṣoṣo ló kù nínú ti ọdún náà. Bó bá ṣọ́ ọ jẹ, kò lè ju oṣù kan lọ.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bí èmi náà nínú. Hẹ́ńpù àti igbó, ọmọ ìyá ni wọ́n, kódà ìbejì ni wọ́n. Ìjọba ló fa ìlà sáàárín wọn. Bí ohun tó ń gun èèyàn lórí bí ọtí bá ju ìdá mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ̀rún, igbó ni, ọ̀ràn ni. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, hẹ́ńpù ni, ẹ tà á, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gun èèyàn lórí yẹn, sísùn ló ń sùn nínú òdòdó tútù. Iná ló ń jí i. Ẹ jẹ òdòdó náà ní tútù títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ fi iná kàn án, ó jí nìyẹn. Ìjọba mọ̀. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Ẹni tó ń rà á, ìṣáná ti wà lápò rẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ozella jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ní kí Burnell já ẹ̀ka kan wá. Ó gbé e símú. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára òdòdó náà ti lọ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Kérésì ló ń rùn. Síbẹ̀ kò bu, ó gbẹ dáadáa, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Inú bí i pé iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ó yọ igi àti ewé kúrò, ó fi ìka rún òdòdó kó má baà kúná jù, ó tẹ́ ẹ sínú páànù pẹlẹbẹ, ó sì dìde láti yí ófùn sí iná kékeré. Ogójì ìṣẹ́jú ló máa lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò wọ inú bọ́tà nínú ìkòkò tó jókòó sínú omi gbígbóná, fún wákàtí mẹ́ta, láìjẹ́ kó hó. Yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ, yóò sì máa fi ìdajì ṣíbí kékeré ra búrẹ́dì àgbàdo lára lójoojúmọ́.

"Ó dáa, àbí kò dáa?" Burnell bi í láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ń jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ wò láràárọ̀, kí n lè mọ ibi tó dé."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alábà tábà ń ṣe. Wọn kì í wo aago. Wọ́n á já ewé, wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́nu, ahọ́n á sọ fún wọn bóyá iná tó.

"Kí lo jẹ?"

"Òdòdó yẹn. Láti ìjẹta, mo kàn ń rẹ́rìn-ín nínú abà lémi nìkan. Mo ní àìsùn ni."

Ọwọ́ Ozella dúró lórí ófùn. "O jẹ ẹ́ ní tútù?"

"Bó ṣe wà lókè níbẹ̀."

"Tó sì gùn ẹ́ lórí?"

"Sista, mo sọ̀rọ̀ fún ológbò fún wákàtí kan."

Nígbà mìíràn, Ozella ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó tún jókòó. Iná Burnell ti jí i nínú abà, kó tó dé ófùn ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Túsìdé tó ń bọ̀ sì ni ọkùnrin ìjọba máa wá ṣe ìdánwò kejì. Èyí àkọ́kọ́, nígbà tí òdòdó ṣì wà lóko, ó ti yege. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìdajì rẹ̀ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní láti tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá gbẹ.

Mista Lassiter ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ ogójì ọdún tí bàtà rẹ̀ mọ́ jù fún oko. Ó wá ní Túsìdé, ó gé díẹ̀ níhìn-ín, ó gé díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní òórùn rẹ̀ ń pa òun lébi, ó sì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá pẹ̀lú ìwé méjì, kò sì lè wo Ozella lójú.

"Mísì Ozella, ìdá mọ́kànlá nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ẹ má bínú, mà. Igbó nìyẹn lójú òfin. Gbogbo ẹ̀ la máa sun."

Òdòdó ọdún tó kọjá ló wà nínú ófùn lọ́wọ́ yẹn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Ṣé o ń gbọ́ òórùn ohun tó wà nínú ófùn mi?" Ozella bi í.

"Mò ń gbọ́ ọ, mà."

"Èyí tí ìwọ fúnra ẹ buwọ́ lù lọ́dún tó kọjá ni. Mò ń fi iná jí i. Tó bá fi máa jáde, á ju mọ́kànlá lọ. Ṣé kí n lọ wá bàtà mi, kó o máa mú mi lọ?"

"Rárá o, mà. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe nínú ófùn yín, kò kàn wá."

"Iná abà ńkọ́?"

"Ìyẹn kàn wá."

"Ẹni tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù, tó fi ìṣáná sí i lẹ́nu?"

"Kò kàn wá, mà."

"Ta ló ń rà á láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí tábìlì, Lassiter? Dárúkọ ẹnì kan fún mi. Ẹnì kan péré! Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé iná ló máa bá a. Ẹ wá ń fi gègé wá ẹni tí iná ọwọ́ ẹ̀ ṣáájú."

Lassiter ti ìwé kejì síwájú Ozella. Ó ní ọ̀nà kan wà. Òdòdó ọdún yìí ti lọ ná, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bí Ozella bá buwọ́ lu ìwé yìí, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì wà, á lè gbìn ní oṣù karùn-ún, á sì rí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó.

Ozella wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà á pé Burnell Radford, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, fi àìbìkítà dáná sínú abà nígbà tí oní-láísẹ́ǹsì kò sí nílé, àti pé Burnell Radford kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ abà àti oko náà fún ọdún márùn-ún. Ó tún un kà. Abà tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni wọ́n ń wí. Burnell kò tíì pé ọmọ ọdún méje tó ti ń gbé igi sídìí iná nínú rẹ̀.

"Ẹ buwọ́ lù ú, Sista," Burnell sọ. Ara ògiri ló dúró sí, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. "Wọn ò parọ́. Èmi ni mo dáná. Ẹ ò sí ńlé."

"Ó ní àìbìkítà."

"Ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Ta ní ọ̀rọ̀ lásán ni?" Ozella lu tábìlì, ife sì fò. "Lassiter, gbọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́fà lọkùnrin yìí fi jókòó lórí àga nínú abà. Bí iná bá fẹ́ jó lálá, á bu ìyẹ̀fun pákó lé e. Bó bá fẹ́ kú, á tún un kóná. Igba igi òdòdó gbígbẹ ló wà lókè orí ẹ̀, ewé kan ò jóná. O lè ṣe é? Ọ̀gá ẹ lè ṣe é? Èmi náà bú u. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀, màá sì tún pè é lọ́la, àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n aláìbìkítà? Yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, kí n buwọ́ lù ú."

"Mi ò lè yọ ọ́, mà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde nìyẹn."

"Máa gbé e lọ nígbà náà."

"Láísẹ́ǹsì yín á lọ, Mísì Ozella. Ọdún márùn-ún."

"Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Mo mọ bí ọdún márùn-ún ṣe gùn tó."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Burnell kúrò lára ògiri. "Sista, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Kí ni mo fẹ́ fi abà ṣe?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ojú kọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rí ohun tí wọ́n kọ."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì dìde lọ wo ófùn.

Òfin ní kí Lassiter dúró títí gbogbo rẹ̀ á fi di eérú. Ọ̀sán ni wọ́n kó òdòdó náà jáde, wọ́n sì kó o jọ síwájú abà níbi tí Lassiter nawọ́ sí. Lassiter gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń tú u dà. Ìṣáná àkọ́kọ́ kú. Èkejì kú. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ tààrà sí ara pákó abà, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sídìí òdòdó tó ti rin fún bẹntiróòlù.

"Dúró," Burnell sọ. "Gbé ìṣáná yẹn sílẹ̀. Gbé mọ́tò ẹ kúrò níbẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó mú fọ́ọ̀kì oko, ó sì fa gbogbo òkìtì náà, ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, lọ sẹ́yìn ọgbà níbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé ẹta iná lọ sórí ilẹ̀ tútù. Ó gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká. Ó fa rọ́bà omi wá, ó wọ́n omi sára abà títí ó fi ń kán tótó. Ó to pákó sábẹ́ òkìtì náà kí iná lè rí èémí mí. Ìgbà tó wò yíká lẹ́ẹ̀mejì ló tó ṣá ìṣáná kan ṣoṣo, iná sì mú.

Ozella dúró lórí koríko pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó di apá abà mú, ó ń wo òdòdó rẹ̀ tó ń jó.

"Lassiter," ó ní, "kọ ìyẹn náà síwèé."

Lassiter kò kọ nǹkan kan.