Ta Ló Gbẹ́ Ihò Sára Kédárì?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Verna nígbà tó kọ́kọ́ rí ihò náà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló mú un gun òkè tó wà lẹ́yìn abúlé, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ bó èèpo kédárì tí wọ́n fi ń hun fìlà. Níbẹ̀ ló ti rí igi ńlá kan tí ẹnì kan ti gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sí lára. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. Ìyá àgbà ní àwọn agbẹ́kọ̀, àwọn tó ń fi igi gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ló dá a lu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá inú igi náà le tàbí ó ti jẹrà, kí wọ́n tó gé e.

Verna ní, "Ó wá jẹrà ni?"

Ìyá àgbà ní òun ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn ọmọ náà, torí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rí.

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta kọjá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1997, lẹ́tà dé sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn Haida, ẹ̀yà Verna tó ti wà ní etíkun náà kí òyìnbó tó dé, pé ilé iṣẹ́ agégẹdú kan fẹ́ la ọ̀nà gba orí òkè náà, pé ìjọba ń rán ẹnì kan bọ̀ wá wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní Verna ni kó mú un lọ. Ta ló tún mọ kédárì orí òkè yẹn tó obìnrin tó ti ń hun èèpo wọn láti ogójì ọdún?

Lyle ni orúkọ ẹni tí ìjọba rán, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó gíga kan tí òtútù ti mú kí etí rẹ̀ pọ́n. Ambrose, àbúrò Verna tó jẹ́ apẹja, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè. Ó já ẹja gbígbẹ fún àlejò náà.

"Jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹja wa, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbà á láti kọ ìwé burúkú nípa wa."

Lyle rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi náà, Lyle fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò nínú lu ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gbẹ́. Ó fa igi kékeré kan jáde látinú rẹ̀, tín-ín-rín bí pẹ́ńsùlù, tó kún fún ìlà wẹ́wẹ́. Ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọgbẹ́ náà sí igi lára. Verna tẹ ojú mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti ń bó èèpo igi, kò mọ̀ pé èèyàn lè ka ọjọ́ orí ọgbẹ́ lára rẹ̀.

"Mẹ́rìndínláàádọ́jọ," ni Lyle wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọdún 1851 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ má bínú, mà. Ohun tó bá ti wà kí ọdún 1846 tó dé nìkan ni òfin dáàbò bò fúnra rẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1846?"

"Ọdún yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà pín ilẹ̀ ìhà yìí láàárín ara wọn."

"Wọ́n wá síbí?"

"Rárá, mà. Orí ìwé ni."

Verna rò ó wò. "Nítorí pé àwọn méjì tí a ò mọ̀ rí fọwọ́ sí ìwé, ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ihò yìí lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà kì í ṣe ọwọ́ mọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yẹn, mà."

"Mo mọ̀. Ìjọba ló ṣe é. Ta ni ìjọba wá rán sí wa?"

Lyle bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin rẹ̀ sínú àpò. Ambrose dá sí i: "Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ìdílé Kannakánná la jẹ́. Ẹyẹ wa kì í rí nǹkan kó má fi ẹnu ṣá a wò."

Lyle ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ṣùgbọ́n Verna ò kúrò lójú kan. Ó ń wo ìsàlẹ̀, níbi tí òkun ti ń tàn láàárín igi. Kí ló gbé agbẹ́kọ̀ gun òkè tó báyìí? Kédárì ò wọ́n létí omi láyé ìgbà yẹn.

"Ẹni tó bá ń wá igi kan ṣoṣo kì í rìn jìnnà tó báyìí," ló wí. "Ẹni tó gbẹ́ ihò yìí mọ ibi tó ń bọ̀. Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ níbí ṣáájú rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà odò, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí èèyàn lè wọ́ ẹrù ńlá gbà. Kò tíì rìn tó igba ẹsẹ̀ tó fi rí ilẹ̀ tó wú, tó gùn, tí ewéko múlọ́múlọ́ bò mọ́lẹ̀. Igi ńlá mìíràn ti hù lé e lórí, ó na gbòǹgbò sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì bí ẹni tó gun ẹ̀yìn ẹja. Orí méjèèjì ohun tó wà lábẹ́ ewéko náà ṣe ṣóńṣó.

Verna kúnlẹ̀, ó fi ìka ṣí ewéko náà kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó sùn. Ojú àáké wà lára igi náà, ó tò tẹ̀ léra wọn. Ọkọ̀ ojú omi tí wọn ò gbẹ́ tán ni. Ó pe Lyle.

Ọmọkùnrin náà lu igi tó hù sórí ọkọ̀ náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó ní kí Verna bá òun kà á. Méjìdínlọ́gọ́sàn-án.

"Igi yìí ti ń hù níbí láti 1819," ló wí. "Ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kó tó hù." Ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin. "Kí ló dé tí wọ́n fi í sílẹ̀? Kò sán, kò jẹrà."

"Bóyá ìyàwó rẹ̀ pè é kó wá jẹun," ni Ambrose wí.

Lyle kọ ohun tó rí sínú ìwé, ìjọba sì dá ọ̀nà náà dúró. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, obìnrin ọ̀gá kan wá látọ̀dọ̀ ìjọba, ó jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ní gbọ̀ngàn abúlé. Ó fẹ́ fa ìlà kékeré yí ọkọ̀ náà ká, kí iṣẹ́ agégẹdú sì máa lọ lóde ìlà náà.

Verna dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ kì í gbẹ́ ara rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti gé igi rẹ̀? Níbo ni wọ́n sùn? Ibo ni wọ́n fẹ́ wọ́ ọ gbà dé òkun? Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin pé kí a dáàbò bo ibi iṣẹ́ àwọn baba wa. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi iṣẹ́ náà ká tó fa ìlà."

Obìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wá a. Wọ́n rí kùkùté tí wọ́n ti gé igi náà, wọ́n sì rí ọkọ̀ kejì tó ti fọ́. Ìlà tí wọ́n fà níkẹyìn gbòòrò títí ó fi kó igi oníhò náà mọ́ra. Ọ̀nà agégẹdú yà sí òdìkejì odò.

Àmọ́ òdìkejì odò yẹn ni àwọn kédárì tí ìyá àgbà bó èèpo wọn nígbà èwe rẹ̀ wà. Lójú òfin, ọgbẹ́ tó wà lára wọn ò tíì pẹ́ tó, torí lẹ́yìn 1846 ni. Mọ́kànlá ni wọ́n gé kí yìnyín tó bọ́. Verna lọ wo àwọn kùkùté náà, ó sì fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì ó kọ̀wé sí ìjọba: ta ló mú ọdún 1846, ta ni wọ́n sì bi léèrè lára àwọn Haida? Wọ́n fi ìlà mẹ́ta dá a lóhùn pé àwọn dúpẹ́ fún ìwé rẹ̀. Ó tún òmíràn kọ.

Nígbà tí èèpo kédárì tún tó bó, Lyle dé sí abúlé pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ó gba ìsinmi ni, kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọn ò gbẹ́ tán yẹn kò jẹ́ kóun sùn dáadáa, pé bí Verna bá gbà, òun fẹ́ mọ ibi tí àwọn agbẹ́kọ̀ náà sùn. Verna na agbọ̀n kan sí i, ó ní kó gbé e.

"Ìhà àríwá odò ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn," ni Verna wí. "Omi tó mọ́ wà níbẹ̀. Èmi náà ì bá sùn síbẹ̀."