Ọ̀pá Dúdú Inú Ẹ̀rọ Epo

Ìyániwúrà kò fẹ́ kí ẹ̀rọ ìfúnpo rẹ̀ dákẹ́, àmọ́ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Pobè. Láti ìgbà tí Fálúyì ọkọ rẹ̀ ti kú, ariwo ẹ̀rọ náà nìkan ló kù fún un. Bí ọ̀pá irin inú rẹ̀ bá ti ń lọ sísàlẹ̀, tí irin ń ha irin, á máa ké kíìn, kíìn. Ìyániwúrà á di ojú, á sì máa rí Fálúyì níbi ọwọ́ ẹ̀rọ, tí ètè rẹ̀ ń mì láàárín èéfín ẹyìn tó ń hó. Ètè yẹn kì í sinmi. Ìyániwúrà kò gbọ́ ohun tó ń sọ rí, ariwo kò jẹ́. Òun a kàn mi orí sí i, a sì lọ bu ẹyìn mìíràn wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ti gbó tán. Ẹyìn ọdún yìí wà nílẹ̀ tó ń rà lọ, bí ẹ̀rọ bá sì há, a jẹ́ pé ó parí nìyẹn. Ni Elvire, ọmọ rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ṣe ní Sakété, bá gun alùpùpù zẹmijáàn dé láàárọ̀, ó gbé ọ̀pá tuntun mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Ọ̀pá ọ̀hún dúdú kirikiri.

"Èédú ni wọ́n fi bò ó, Màmáà. Kì í ṣe èédú ìdáná o. Ìlú òyìnbó ni mo fi ránṣẹ́ sí. Èédú náà fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, ó sì le ju irin lọ. Tí irin bá ń yọ̀ lórí irin, kò ní í jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn."

"Èédú? Nínú epo mi?"

Ní ilé wọn, kí wọ́n tó fún epo àkọ́kọ́ lọ́dún, iyanrìn àti eérú ni wọ́n fi ń fọ gbogbo irin ẹ̀rọ títí á fi máa kọ mànà. Ohun dúdú kì í wọbẹ̀. Bí Elvire ti lọ wo iná ẹyìn, ìyá rẹ̀ gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ká má parọ́, ìmọ́tótó nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀. Bí dúdú yẹn bá ṣí, ẹ̀rọ á tún ké. Ó ha á, ó ha á, ọyẹ́ rọra bo àwọn ọ̀pẹ mọ́lẹ̀, iyanrìn di lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá kàn ń dán sí i ni, dúdú bó ṣe wà. Oríkunkun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín. Ó ṣan án, ó gbé e padà fún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tì í bọnú ẹ̀rọ. Elvire yí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pá sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Kò sí kíìn kankan. Ìyániwúrà ń gbọ́ epo tó ń kán sínú agbada, ó ń gbọ́ àdàbà lókè òrùlé. Ó di ojú. Fálúyì wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ariwo kò sí mọ́, síbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn ún dé ọkàn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló tilẹ̀ máa ń sọ?" Kò mọ̀ pé ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Bàbá?" Elvire kò dẹ́kun ẹ̀rọ yíyí. "Ṣé ẹ rántí pé ó máa ń pọ̀n mí níbí? Mo máa ń fi etí lé e lẹ́yìn. Ohun kan náà ló máa ń sọ ṣáá. 'Àwẹ̀ró, lọ jókòó. Ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ jókòó.'"

Láti ìgbà tí Fálúyì ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi oríkì yẹn pe Ìyániwúrà mọ́. Agbọ̀n ẹyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyániwúrà mi orí bó ṣe máa ń mì ín, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fa àpótí mọ́ra, ó sì jókòó.