Ojú Tí Wọ́n Fún Basile

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà fẹ́ràn Aurèle. Obìnrin wo ni kò fẹ́ràn rẹ̀ láti Pobè dé Sakété? Òṣèré tó ga, tó dúdú, tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín lásán nínú sinimá, àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà á máa tún gèlè wé. Nígbà tí wọ́n sọ pé òun ni yóò ṣe Basile, àbúrò mi tó ti kú, nínú sinimá kan, ṣe ni mo hó ìhó ayọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mi ò ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Basile kò ga ní tirẹ̀. Àgbẹ̀ ni ní Towé, ó sì máa ń kálòlò, pàápàá bí inú bá ń bí i. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ọkùnrin olówó kan ń du ipò, ó sì ń ta ilẹ̀ oko àwọn ará Towé lábẹ́lẹ̀, ó ń ri òkúta ààlà mọ́ ọn. Basile ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, ó ń kálòlò, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má tẹ̀ka síwèé tí wọn ò lè kà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dìbò, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá fún wa láti ọ̀nà Issaba. Wọ́n ti lù ú pa. Títí dòní, wọn ò mú ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹtàlá rèé. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n mú ìyá wa lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ita-Djèbou, wọ́n sì sin Basile kó tó padà dé. Àwọn àgbà ẹbí wá ní kí n kó gbogbo fọ́tò rẹ̀, kí n sun ún, kí ìyá má baà máa wò ó títí ẹkún yóò fi pa á. Èmi ni mo ṣa igi jọ. Fọ́tò mọ́kànlá ni, pẹ̀lú káàdì ìdìbò rẹ̀. Ìyá wa kò béèrè wọn lọ́wọ́ mi rí, èmi òmùgọ̀ sì rò pé ó ti gbàgbé.

Nígbà tí àwọn onísinimá láti Cotonou parí iṣẹ́ wọn, wọ́n pe ẹbí wa wá wò ó ní gbọ̀ngàn kan ní Sakété. Mo lọ sọ fún ìyá wa. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

“Sinimá ta ni?”

“Sinimá Basile ni, ìyá.”

“Àkànbí mi?” Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, bó ṣe ń pe èmi Geneviève ní Àbẹ̀kẹ́. Àwọn orúkọ ìsàmì wọ̀nyẹn ò rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Wọ́n máa fi Àkànbí hàn?”

“Ẹ̀ẹn, wọ́n máa fi í hàn.”

Ìyá wa kò wo sinimá rí. Ohun tó mọ̀ ni fídíò tí wọ́n máa ń ká sílẹ̀ nígbà ìkórè ní ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Nínú ìyẹn, ẹni tí a bá rí náà ni. Ó ti rí arábìnrin kan tó ti kú nínú rẹ̀ rí, tó ń jó, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó yẹ kí n jókòó tì í, kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́. Àti pé, kí n má tàn yín, mo ti ń ro irú aṣọ tí màá rán sọ́rùn nítorí Aurèle.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń múra. Ó fọ sùtánà ìjọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òun síwájú, torí ojú òun ti ń ṣú, òun kò sì fẹ́ kí ohunkóhun lára Àkànbí fo òun.

Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo àwọn fèrèsé, èrò sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà iwájú ni wọ́n fi wá sí lóòótọ́. Àga mẹ́ta sí wa, ọkùnrin olówó ọjọ́sí jókòó. Ó ti wọlé ìbò lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà, ó wá wo Aurèle bíi tiwa.

Bí Aurèle ṣe yọ, gbọ̀ngàn mì tìtì. “Aurèle! Aurèle!” Kò sẹ́ni tó pe Basile. Ó ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ geerege, àtẹ́wọ́ sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Olówó yẹn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Sinimá náà dùn, mi ò ní purọ́, àmọ́ ojú Aurèle ló dùn. Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó wí nípa ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ.

Ìyá wa fà mí láṣọ. “Àkànbí dà?”

“Ó ń bọ̀,” ni mo wí. Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tó yá, Aurèle wọ sùtánà, ó ń lọ gbàdúrà ní ìjọ kó tó gba ọ̀nà Issaba. Bàtà dúdú kan báyìí ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwa kì í wọ bàtà sí sùtánà, ọmọdé ìjọ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onísinimá ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, “Ẹ wo Basile bí aṣọ funfun ṣe yẹ ẹ́!”

Ìyá wa gbọ́. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹni tó wọ bàtà sí sùtánà yìí ni wọ́n ń pè ní Àkànbí?”

“Òṣèré ni, ìyá. Ó ń ṣe bíi Basile ni.”

“Àkànbí fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí níbẹ̀.”

 Wọ́n ti ń lu Aurèle lójú ọ̀nà nínú sinimá, àwọn obìnrin sì ń ké, “Yéè, Aurèle o!” Nínú gbogbo wa, ìyá wa nìkan ni ojú rẹ̀ gbẹ. Ó dìde, ó wo gbogbo èrò tó ń sunkún ọmọ ọlọ́mọ, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn jáde.

Mo bá a lábẹ́ igi kan níta. Kò pariwo mọ́ mi.

“Ìwọ lo sun àwọn fọ́tò yẹn. Mo gbóòórùn èéfín rẹ̀ lára aṣọ rẹ lọ́jọ́ náà. Mi ò bínú, torí wọ́n rán ọ ni. Ṣùgbọ́n ta ló rán ọ pé kí o mú mi wá wo ẹlòmíràn?”

 Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ọ̀rọ̀ Aurèle ni wọ́n ń sọ. Léonce awakọ̀ ní ká ní kì í ṣe Aurèle ni, ta ni ìbá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fún wákàtí méjì? Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tó fi wù mí kí n gbá a létí. Òkúta ààlà tuntun tó ogún lẹ́bàá ọ̀nà Towé. Kò sẹ́ni tó yíjú wò wọ́n.

Ẹ ó rò pé mo kọ́gbọ́n. Rárá o. Mo lẹ àwòrán Aurèle mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobè, wọ́n kọ “Basile” gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Mo gba sinimá náà sórí tẹlifóònù mi, mo wò ó títí mi ò fi mọye ìgbà mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé àbúrò mi ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ kan, mo ń to bọ́tìnnì, mo fẹ́ rántí bí Basile ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kálòlò. Mo wá ojú rẹ̀: Aurèle ni. Mo gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tó já bọ́ lórí igi ọ̀pẹ, tí mo pọ̀n ọ́n wálé. Aurèle ni mo pọ̀n. Ìbẹ̀rù mú mi. Mo fa àwòrán ara ògiri ya, mo pa sinimá rẹ́, mo dijú, mo tún dijú. Ojú àbúrò mi ti lọ.

Mo gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Towé lọ́sàn-án yẹn gan-an, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú Basile ṣe rí?”

Ó wò mí títí. “Ìwọ náà, Àbẹ̀kẹ́?”

Ẹkún gbọ̀n mí. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ojú ara rẹ̀. “Iwájú orí rẹ̀ rèé. Imú rẹ̀ rèé. Bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe rí nìyí, kí irùngbọ̀n tó hù sí i. Èmi ló jọ. Ṣé o ò rántí pé gbogbo ayé ló máa ń wí bẹ́ẹ̀?”

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Láti ọjọ́ tí Basile ti kú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò. Ó ní ilé wa kì í tọ́jú fọ́tò. Ní ọjọ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí àpò mi níbi tí tẹlifóònù wà. Ó tú gèlè rẹ̀ kí iwájú orí lè hàn dáadáa, ó sì jókòó gbọnin.

“Mi ò ríran, ìyá. Omi kún mi lójú.”

“Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Yà á. Kì í ṣe èmi lo fẹ́ yà.”