Sípáníìṣì Inú Àwo

Àríkẹ́ ti rí ìwà òmùgọ̀ lóríṣiríṣi kó tó wọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n èyí tí Oyèníran ọkọ rẹ̀ hù lọ́dún tí ìjọba sọ súkúù di ọ̀fẹ́ yẹn, bí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n kòkó, òṣùwọ̀n á kán sí méjì. Ọkùnrin náà yọ ọmọ méjèèjì, Kíkẹ́ àti Túbọ̀sún, kúrò ní súkúù. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ló wà ní kíláàsì kan, wọ́n há bíi sàdíìnì inú agolo. Inú ilé wọn ní Àgùdà lòun fúnra òun á ti máa kọ́ wọn. Kí ló fẹ́ kọ́ wọn? Sípáníìṣì!

"Gẹ̀ẹ́sì ti di àkàrà, gbogbo ẹnu ló ń jẹ ẹ́," ló wí. "Àwọn ọmọ tèmi á di aṣojú ìjọba ní Sípéènì."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ lẹ fẹ́ kọ́ wọn?"

Wọ́n fà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀rù ń ba Àríkẹ́, torí Kíkẹ́ tó máa ń gba ipò kìíní ti ń gbàgbé ìṣirò. Níkẹyìn wọ́n ṣàdéhùn: tí àwọn ọmọ bá lè bá ará Sípéènì sọ̀rọ̀ kí Kérésìmesì tó dé, tó sì dá wọn lóhùn, Àríkẹ́ ò ní dárúkọ súkúù mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ń padà.

Àríkẹ́ tiẹ̀ bá a wá olùkọ́. Caroline tó ń ta ẹja yíyan ní Ìwáyà lo ọdún mẹ́rìnlá nínú oko kòkó ní erékùṣù Fanandopó, níbi tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì bí ẹni ń mumi, kí ìjọba tó fi ọkọ̀ kó òun àtàwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù wálé. Oyèníran yínmú.

"Alágbàro kòkó! Ṣé Sípáníìṣì oko lo fẹ́ kí ọmọ mi sọ níwájú ọba?"

Ló bá lọ ra àwo ẹ̀kọ́ Sípáníìṣì àlòkù kan àti gírámófóònù alábátìrì tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó ní òyìnbó inú àwo, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jẹun. Òótọ́ ni. Bátìrì ló máa ń rẹ̀. Oyèníran sì háwọ́ débi pé ńṣe ló ń sá bátìrì sóòrùn bí èlùbọ́, kó lè jí dìde. Òyìnbó inú àwo á bẹ̀rẹ̀ kíákíá bí ẹni tí ajá ń lé, kò ní pẹ́ tí ohùn rẹ̀ á fi máa wọ́lẹ̀ bíi ti màlúù tó gbé odó mì. Àwo náà sì ti ha níbì kan. Tó bá débẹ̀, gbólóhùn kan náà ni yóò máa tún pè, àfi bí Oyèníran bá gbá gírámófóònù lórí. Àwọn ọmọ kọ́ gbogbo rẹ̀, wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Nígbà tó di Dìsẹ́ńbà, Ṣàfíù ará ilé wọn, tó ń wa ọkọ̀ ní Àpápá, mú kúùkù ọkọ̀ òkun kan wá, ọmọ Sípéènì pọ́ńbélé. Àríkẹ́ ránṣẹ́ pe Caroline.

Kíkẹ́ kúnlẹ̀, Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wàràwàrà. Kò pẹ́, ohùn wọn wọ́lẹ̀, ojú wọn ń pa dé, ẹnu wọn ń fà gbọọrọ. Wọ́n dé ibi tó ha: wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀méje, wọn ò kúrò níbẹ̀. Oyèníran sáré gbá Túbọ̀sún lórí. Ọmọ náà sì tẹ̀síwájú!

Òyìnbó fò dìde, ó da omi tútù lé àwọn ọmọ lórí, ó ń pariwo.

"Kí ló wí? Ṣó dá wọn lóhùn?" Oyèníran béèrè.

"Ó ní gìrì ló gbé wọn," Caroline dáhùn. "Ó ní ẹ gbé wọn lọ ọsibítù."

Ló bá kọjú sí òyìnbó, ó ṣàlàyé fún un. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí òyìnbó fi ń nu ojú. Kíkẹ́ sún mọ́ Caroline, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Òyìnbó yìí ò gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa," ni Oyèníran wí. "Kúùkù lásán ni."

"Àdéhùn ńkọ́, Bàbá Kíkẹ́?"

Oyèníran gbé gírámófóònù rẹ̀ wọ yàrá.

Lọ́jọ́ tí súkúù wọlé, Àríkẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú wọn lọ. Ó ti fún Caroline ní ọjọ́ Sátidé pé kó máa kọ́ wọn ní Sípáníìṣì. Tíṣà wo ìwé orúkọ, ó béèrè ohun tó gbé àwọn ọmọ pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

"Bàbá wọn lara rẹ̀ ò yá, sà," ni Àríkẹ́ wí. "Orí ló ń dà á láàmú."